Orí Ta Ló Wọ́ Lọ́jà?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò rí ọjà tí à ń ná lórí fóònù. Lọ́jà tòní, àgbà ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ń bẹ níbẹ̀, orí gbogbo wọn ló sì tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Olùkọ́ ni mí ní Ìyànsàn, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Nígbà tí ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015, mo ní àwọn ọmọ mi kò gbọdọ̀ débẹ̀ tán kí wọ́n máa wo eku kọ̀ǹpútà bí ẹni pàdé eku inú oko ẹ̀gẹ́. Kọ̀ǹpútà kò kúkú sí. Ti iná, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́: ọ̀pọ̀ ọdún ni apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó fi wà lókùnkùn, tó jẹ́ ọ̀dọ̀ oníjẹnẹrétọ̀ la ti ń sanwó ṣáàjì fóònù. Ni mo bá dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, mo ń kó ìròyìn síbẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá ṣe ń kà á ni wọn yóò máa mọ ẹ̀rọ lò, àárín wa yóò sì máa gún.

Ìdájí, ìròyìn. Ọ̀sán, ìròyìn. Bí mo bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè púpurú, tòsì ń tẹ ìròyìn lọ. Ta ló ń kà á? Èmi kò bèèrè. Bí àmì méjì yẹn bá ti di búlúù, mo gbà pé ọmọ ti gbọ́n nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé, sà," èmi á wú bíi búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kan mo fi ọ̀kan ṣọwọ́ pé ìjọba fẹ́ pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún akẹ́kọ̀ọ́, kí kálukú tètè tẹ nọ́ńbà báǹkì òbí rẹ̀ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan ní SS2 fi kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ẹ tún àdírẹ́sì yẹn wò, kì í ṣe tìjọba. Díẹ̀ ló kù kí bàbá mi tẹ tiwọn." Orí àgbà wọ́ lọ́jà, ọmọ tuntun ló bá a tò ó.

Mo tijú, ṣùgbọ́n ìtìjú olùkọ́ kì í pẹ́. Kí n lè fi bo ara, mo wá ìròyìn tó dájú: Richard Appiah Akoto, olùkọ́ kan ní Gánà, tó fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú Microsoft Word sára pátákó lọ́dún 2018 torí pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà ràn lórí Facebook bí iná ọyẹ́; Microsoft pe ọkùnrin náà lọ sí Singapore, àwọn kan sì fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Mo ń retí "Ẹ ṣé, sà." Ọmọ kan ló dáhùn: "Sà, ìgbà wo lẹ máa ya tiwa?"

N kò rí èsì fọ̀, mo sá wọ inú ìtàn. Kí òyìnbó míṣọ́nárì Henry Townsend tó gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde l'Ábẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1859, ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìtẹ̀wé láti 1854. Ó fẹ́ kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára, àmọ́ ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ ọmọ, ìròyìn ló tẹ̀lé e. Èmi wá ń da ìròyìn lé àwọn tèmi, omi ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ.

Lánàá, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ya kọ̀ǹpútà, mo ya eku rẹ̀, mo fa ìrù gbọọrọ fún un títí dé ìdí ẹ̀rọ. Ọmọ SS2 yẹn nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tòde òní kì í nírù mọ́."

Mo wo pátákó. Mo fi ọwọ́ nu ìrù náà kúrò.