Bọ̀ọ̀dá Mo-ti-gbọ́

Ọjọ́ tí ọba Asante, Otumfuo Osei Tutu Kejì, pe ìgbìmọ̀ Asanteman jọ sí ààfin Manhyia, tó sì kéde fún wọn pé Asantehemaa, Nana Konadu Yiadom Kẹta, ti papòdà, ṣáàfùtù ni mo wá rà. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Mo-ti-gbọ́ ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ nílùú Accra lórílẹ̀-èdè Ghana, mo gbé ògbólógbòó ṣáàfùtù Corolla mi dání kó lè fi wo irú rẹ̀, gíríìsì sì ti ń kán sí mi ní ṣòkòtò. Kò wò ó. Fóònù ló ń wò. Nígbà tí rédíò ṣọ́ọ̀bù kejì gbé ìkéde náà jáde, gbogbo ìlà náà dákẹ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ Kwahu tó ń ta ṣọ́ọ̀kì lódìkejì káwọ́ lérí. Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní: "Mo ti gbọ́ láti Ọjọ́bọ̀."

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń wí yẹn, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ hẹlikọ́pítà ológun tó já ní Adansi lọ́jọ́ tó ṣáájú ló gba ẹnu rẹ̀ kan, èyí tó pa èèyàn mẹ́jọ, tí mínísítà ètò ààbò, Edward Omane Boamah, àti mínísítà àyíká, Ibrahim Murtala Muhammed, wà nínú wọn. Ó ní òun ti gbọ́ ìyẹn náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú ni hẹlikọ́pítà ọ̀hún já. N kò bá a jiyàn. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dín owó ọjà fún òun kì í ka ọjọ́ mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá mọ ti Abossey Okai, ẹ mọ ti àdúgbò yín. Òun lẹni tí ọba kan kò lè kú ní gbogbo ilẹ̀ ayé kó má jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ikú tálákà kò ní ìròyìn nínú lójú tirẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé vulcanizer ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ti dolóògbé, á ní "Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un", á sì padà sídìí iye owó bíréèkì. Ṣùgbọ́n bí adé bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí àga wúrà, tàbí ìrùkẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á dán, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì fi ìka kan pè yín mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fi ibi tí wọ́n ri owó mọ́ hàn yín.

Ọjà ẹni ń bá ẹni jọ nígbà mìíràn. Lọ́jà yìí, ohun tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí àwọn ará Jámánì tàbí Japan ti lò kó tó dé èbúté Tema, "home used" ni àwọn ará Ghana ń pè é. Àwa tí a ti Èkó wá ní tòkúnbọ̀ ni. Ìròyìn Bọ̀ọ̀dá, tòkúnbọ̀ pọ́ńbélé ni. Wọ́n á ti lò ó ní Kumasi, á ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ní Peckham ní London, àwọn tibẹ̀ á ti lò ó débi tó ń pariwo, kó tó balẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Á nu eruku ara rẹ̀, á fi gíríìsì tuntun ra á, á sì gbé e síta bí ojúlówó inú páálí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ìtàn bàbá rẹ̀. Bàbá yìí ta aṣọ ní Kumasi títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti wá ìwé tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti bímọ, tó ti kọ́lé, ló padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà àti Ọ̀fà pẹ̀lú ohun tí orí lè rù. Bàbá Mo-ti-gbọ́ wà lára wọn, òdodo nìyẹn. Àmọ́ ìsọ̀ bàbá náà ń rìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ Bọ̀ọ̀dá, àárín ọjà ni ìsọ̀ wà. Nígbà tí Asantehemaa tó ṣáájú, Nana Afia Kobi Serwaa Ampem Kejì, wàjà ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìsọ̀ ti dé ojú ọ̀nà Manhyia. Lọ́dún 2025, ó ti kan ògiri ààfin, wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ láti inú ilé wá ra àǹkárá lọ́wọ́ bàbá, wọn kì í gba ṣéńjì. Ìgbà míì, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú, bó bá ń fi ẹnu gbé ìsọ̀ bàbá rẹ̀ sún mọ́ ààfin díẹ̀díẹ̀, ta ló pa lára?

Ìmọ̀ rẹ̀ nípa ààfin ló kù. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkéde, "olorì Otumfuo" ló ń pe olóògbé. Ó ti ń ṣàlàyé bí ọba ṣe máa ń fẹ́ òmíràn nígbà tí ìyá kan, ọmọ Asante tó ń ta waakye, gbé ṣíbí ìbu-oúnjẹ sílẹ̀. Ìyá ní Asantehemaa kì í ṣe aya ọba rárá. Ẹ̀gbọ́n Otumfuo ni Nana Konadu Yiadom, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lọ́dún 2017 ló gorí àga tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ẹni ọdún 98 sì ni nígbà tó lọ. Asantehemaa ló ń mú orúkọ ẹni tí yóò jókòó sórí Àga Wúrà wá, bí ìyá wọn ṣe mú orúkọ Otumfuo fúnra rẹ̀ wá lọ́dún 1999. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá ń mi orí bí olùkọ́ tó ń gbọ́ àkọ́sórí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó parí, Bọ̀ọ̀dá ní: "Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyẹn." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ọdún 1999 àti gbogbo rẹ̀, ní ohùn Bọ̀ọ̀dá. Ìyá ti padà sídìí waakye rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kó wa sínú àríyànjiyàn bóyá a lè sọ pé obìnrin "wàjà". Ó ní ọba nìkan ló ń wọ àjà, pé kí a sọ pé ìyá "sùn". Ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó wá ra ráàkì ní ẹni tó ń fi ọba jẹ lè wọ ibi tí ọba ń wọ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí tí oòrùn fi yí sórí mi. Àwọn Asante ní tiwọn kò bá àjà lọ. Wọ́n á ní Nana lọ sí abúlé, tàbí kí wọ́n ní igi ńlá wó, bí àwa náà ṣe ń ní erin wó. Ilé méjèèjì mọ̀ pé ikú ọba kì í ṣe ohun tí ẹnu kàn ń já lù. Láàárín ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ tí Asantehemaa papòdà àti ọjọ́ 11 tí ìkéde jáde, iṣẹ́ wà nílẹ̀: ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ní láti gbọ́, ohun tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ ní láti wọ ìpamọ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ tó o ni yóò sì sọ ọ́. Gbogbo ètò yìí, ìdènà ojú ọ̀nà ni lójú Bọ̀ọ̀dá. Òun àti àwọn oníròyìn dì í pọ̀: ẹni tó gbé máíkì dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin ń pariwo pé àwa ni a kọ́kọ́ gbé e, ẹlòmíràn ń dá a lóhùn lórí YouTube pé irọ́ lẹ̀ ń pa, àwa ni. Olóògbé kò sí nínú ìjà náà.

Ìgbà kan wà tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ kó bá a. Lọ́dún 2015, ní òpin oṣù keje, ìròyìn tàn pé Ọọ̀ni Okunade Sijuwade wàjà ní London. Àwọn ìjòyè ní Ifẹ̀ jáde, wọ́n ní irọ́ ni, ara Kábíyèsí le. Bọ̀ọ̀dá tó ti ní òun gbọ́, kíá ló yí padà, ó fi irin búra fún wa, ó na irin bíréèkì kan sókè, pé òun bá ẹni tó wà nínú ilé sọ̀rọ̀, Ọọ̀ni ń jẹ iyán. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbà ní Ifẹ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Àwa ń dúró láti wo ojú rẹ̀. Ó ní: "Ṣé n kò sọ fún yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́?" Lóòótọ́, ó sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ méjèèjì kò lè ṣì í. Ní ọ̀sẹ̀ náà ló tún di ọ̀gá nídìí ọ̀rọ̀ abọ́bakú tí àwọn ìwé ìròyìn ń gbé kiri pé ó sá lọ. Ó mọ ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà, ó mọ bọ́ọ̀sì tó wọ̀.

Ọjọ́ tí mo ṣàánú rẹ̀ jù lọ ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025. Ààrẹ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, Muhammadu Buhari, kú ní London. Ó ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ojú fóònù, ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdárò gùn bí ìwé àdéhùn ilẹ̀, kí wọ́n tó ní Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Sikiru Adetona, tó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960, ti wàjà lọ́jọ́ kan náà. Òógùn bo Bọ̀ọ̀dá. Ó yọ Buhari, ó fi Awùjalẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní kò dáa, ó dá Buhari padà. Nígbà tó di alẹ́, ó ti so àwọn méjèèjì pọ̀ nínú férémù kan, bí ọkọ àti ìyàwó lójú ìwé ìpè ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n sin Awùjalẹ̀ nílànà mùsùlùmí, tí àwọn ọmọ ogun dúró yí ilé ká, ẹjọ́ wa lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sin ọba kún inú ọkọ̀ trotro. Bọ̀ọ̀dá kò dé Ìjẹ̀bú-Òde rí.

Ìlànà ìdárò tirẹ̀ gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ló fún un. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth kú lọ́jọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ààrẹ Akufo-Addo ní kí wọ́n fa àsíá Ghana wálẹ̀ dé ìdajì òpó fún ọjọ́ méje. Bọ̀ọ̀dá ti rí àwọn BBC nínú táì dúdú, ó ra tirẹ̀ ní ọjà Makola, ó wọ̀ ọ́ lórí ẹ̀wù iṣẹ́. Kò ní àsíá. Ilẹ̀kùn onírin tí a ń fà wálẹ̀ ló ní. Ó fà á dé ìdajì.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, lọ́jọ́ tí wọ́n ń parí ètò ìsìnkú Asantehemaa ní Kumasi, mo tún padà lọ sí Abossey Okai. Ilẹ̀kùn wà ní ìdajì. Abẹ́ rẹ̀ ni ọjà ti ń lọ ní pẹrẹu. Oníbàárà kan á tẹ̀ ba, á wọlé, á ra pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, á tún tẹ̀ ba, á jáde. Bọ̀ọ̀dá dúró nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó ró aṣọ pupa ti àwọn ọlọ́fọ̀, kobene, tó rà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aró aṣọ ti gba inú òógùn wọ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó pọ́n dé ọrùn. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ba wọlé ló ń na ọwọ́ sí díẹ̀, ó ń kùn pé "due, due", bí ẹni tí wọ́n wá kí kú ọ̀fọ̀, kó tó sọ iye tí ọjà jẹ́.

Mo tẹ̀ ba. Mo gbé ṣáàfùtù tó tà fún mi lóṣù kẹjọ wọlé, gíríìsì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo ní: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Èyí tí ẹ fún mi yìí, kò wọ ọ̀tún tí mo sọ fún yín o. Ti ẹsẹ̀ òsì ni."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."