Oríkì DC01, Afẹ̀yìntì-má-kóyè-sílẹ̀

Ẹ yàgò lọ́nà! Ẹ panu mọ́, ẹ̀yin ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá sáfà. Ẹ̀yin UPS tí ń han gooro bí iná bá lọ, ẹ ṣe sùúrù ná. Mo fẹ́ ki àgbà ìjòyè kan, domain controller àkọ́kọ́ nílé iṣẹ́ wa, sáfà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà wa, tí wọ́n ti gbé kúrò lórí àga, tí àga kò kúrò lábẹ́ rẹ̀.

DC01, Àrẹ̀mú, àkọ́bí Active Directory!
Agboyè-márùn-ún-lọ́jọ́-kan,
Afẹ̀yìntì-má-kóyè-sílẹ̀,
Òkú tí ń pàṣẹ fún alààyè.
Wọ́n yọ wáyà nídìí rẹ, wọn ò yọ orúkọ rẹ nínú ìwé.
Wọ́n gbé ọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, o ń ṣèjọba níbẹ̀.
Eruku bò ọ́ lórí, àṣẹ kò tán lẹ́nu rẹ.
Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ta ló jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí kò mọ ìran rẹ ni yóò fojú tín-ín-rín rẹ. Láyé Windows NT, ọ̀gá kan ṣoṣo ló ń jẹ nínú domain, Primary Domain Controller lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà lásán làwọn yòókù ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Microsoft gbé Active Directory dé lọ́dún 2000, wọ́n ní àdájẹ ti tó: domain controller yòówù lè kọ nǹkan sínú ìwé, kí àwọn tó kù dà á kọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ márùn-ún kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni méjì bá dì í mú, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Wọ́n ya ìyẹn sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní FSMO, wọ́n ní ẹnì kan péré ni yóò máa jẹ oyè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gba márààrún. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé. O ò du oyè, o ò náwó ìwúyè, afọbajẹ kankan ò jókòó nítorí rẹ. Wọ́n tẹ Next títí wọ́n fi kan Finish, o di kábíyèsí.

Schema Master ni ọ́: ìlànà tí gbogbo àkọsílẹ̀ inú ilé ń tẹ̀ lé, àfi kí o lóhùn sí i kó tó yí padà. O lè sùn lórí oyè yìí fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tí yóò jí ọ, àfi irú ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé Exchange wọlé. Domain Naming Master ni ọ́: domain kankan kò gbọdọ̀ wọ ìdílé, kò gbọdọ̀ jáde, láìgbàṣẹ rẹ, ilé iṣẹ́ wa sì rèé, domain kan ṣoṣo la ní látọjọ́ táláyé ti dáyé. Infrastructure Master ni ọ́: ìwọ lò ń tọ́jú orúkọ àwọn àlejò tó ti domain mìíràn wá, níbi tí gbogbo domain controller bá sì ti jẹ́ global catalog, iṣẹ́ kankan ò sí fún ọ níbẹ̀. Oyè tí kò ní nǹkan nínú ju ìkíni lọ! Ó dùn lọ́wọ́ rẹ.

Orí RID Master gan-an ni mo ti fẹ́ dúró kì ọ́ dáadáa, ìwọ Apín-nọ́ńbà-má-pín-in-lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí òṣìṣẹ́ tuntun, kọ̀ǹpútà tuntun tàbí ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n lè kọ sínú domain tí kò ní gba nọ́ńbà tí ẹlòmíràn kò ní. Ìwọ lò ń pín in, 500, 500, fún domain controller kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́gbọ́n! Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ lọ, nọ́ńbà ṣì kù lápò àbúrò rẹ, DC02. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pa ọ́ gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, mo ti yọ ọ́ o, nǹkan kan ò sì ṣe.” Òótọ́ ló sọ, lọ́sẹ̀ náà. O fi í sílẹ̀ kó yọ̀. O dúró dìgbà tí ilé iṣẹ́ gba èèyàn tuntun, tí nọ́ńbà ìkẹyìn bọ́ lápò DC02, tí ìkìlọ̀ 16645 bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú àkọsílẹ̀ sáfà. Arábìnrin kan jókòó, káàdì tuntun lọ́rùn, kọ̀ǹpútà tuntun níwájú, kò ní orúkọ tí yóò fi wọlé. Ó ń ka ìwé ìròyìn, owó oṣù ń wọlé. Ìwọ lo fún un nísinmi, onínúure!

PDC Emulator ńkọ́, ìwọ Baba Alágogo? Ọ̀dọ̀ rẹ làwọn domain controller yòókù ti ń wo aago, ọ̀dọ̀ wọn ni kọ̀ǹpútà ti ń wò ó. Kerberos tó ń ṣọ́nà kò sì ní fàyè gba ẹni tí aago rẹ̀ bá fi ohun tó ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí ti domain controller. Láti ìgbà tí o ti lọ, oníkálukú ló mọ aago tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ náà ni páásíwọ̀ọ̀dù tuntun ń kọ́kọ́ sáré wá. Bí páásíwọ̀ọ̀dù kò bá bára mu lọ́wọ́ domain controller kan, ìwọ ló ń bi léèrè kó tó lé èèyàn padà. Ní báyìí, akọ̀wé owó yí páásíwọ̀ọ̀dù padà n’Íbàdàn láàárọ̀, ó wọkọ̀ lọ sí ẹ̀ka Abẹ́òkúta, domain controller ibẹ̀ tí páásíwọ̀ọ̀dù tuntun kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó ní ayé ń ṣe òun. Ayé kọ́, DC01 ni!

Iná ò sí lára rẹ, DNS ṣì ń júwe ilé rẹ fún àlejò.
DHCP ṣì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì rẹ láràárọ̀.
Kọ̀ǹpútà ń kí ọ ẹ káàárọ̀ sà, ó ń retí ìdáhùn, ó ń retí,
Kó tó yà lọ sílé DC02.
Ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ka sí kí wọ́n tó wọlé,
Ìwọ ló ṣì ń wá ní port 389.
Àwọn èèyàn ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fà;
Wọn ò mọ̀ pé ìwọ la ń dúró dè.

Nígbà tí ojú ti gbogbo èèyàn, ẹnì kan tẹ `netdom query fsmo`. Ìlà márùn-ún jáde: DC01, DC01, DC01, DC01, DC01. Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní, “Ṣé DC01 tí a gbé páálí omi lé lórí nísàlẹ̀ yẹn ni?” Òun náà ni! Ẹ dọ̀bálẹ̀!

Kì í kúkú ṣe irin tí wọ́n fi ṣe ọ́ ni mò ń kì. Inú ìwé ni agbára rẹ wà. DC02 ka orúkọ rẹ níbi tí wọ́n kọ oyè sí, ó bọ̀wọ̀, ó ní òun ò ní jẹ oyè tẹ́nìkan ò fi òun jẹ. Active Directory kì í fúnra rẹ̀ gboyè lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ́pè. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó pa ọ́, àṣẹ kan péré, `Move-ADDirectoryServerOperationMasterRole`, ì bá kó márààrún fún DC02 wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ gbàgbé ìyẹn, tí wọ́n yọ ọ́ nípò bó ṣe yẹ, ìwọ fúnra rẹ ì bá wá ẹni gbé oyè fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa fa wáyà yọ. Òun ni afọbajẹ rẹ gan-an.

Ó di ipá. Wọ́n fi `-Force` sídìí àṣẹ náà, wọ́n já oyè gbà. Wọ́n pa àkáǹtì rẹ rẹ́ nínú Active Directory Users and Computers, èyí tó ti ń bá èèyàn kó ìyókù ẹrù òkú dànù látìgbà Windows Server 2008. Wọ́n wá ọ dé Sites and Services, wọ́n wá ọ dé DNS, wọ́n wá orísun aago gidi fún DC02. Wọ́n ra mínírà, wọ́n jó.

Olóyè ńlá! Wọn ò mọ̀ pé oyè ìkọ̀kọ̀ méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ tí netdom kì í kà: Infrastructure ti DomainDnsZones àti ti ForestDnsZones. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ADSI Edit, wọ́n bá orúkọ rẹ níwájú fSMORoleOwner, `0ADEL` há a láàárín, àmì pé wọ́n ti pa á rẹ́. Ìwé kọ ọ́ pé o kú, ìwé kan náà ń pè ọ́ lólóyè!

Ó tó gẹ́ẹ́. Akéwì kì í kini lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ. Kí o má padà wá ni ẹ̀bùn tí mo fẹ́. Nítorí aláàánú kan ń bọ̀ tí yóò ní, “Sáfà tó ṣì dáa yìí!”, tí yóò fi wáyà sí ọ. Bí ìròyìn kò bá tètè dé etí rẹ pé wọ́n ti já oyè gbà, wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà tí DC02 ti pín. Kí àwọn ọ̀gá wa nu disk rẹ mọ́ tónítóní lónìí. Bí wọn ò bá nù ún, oríkì ń tẹ̀ síwájú, àwọn gan-an ni mo sì máa gbowó lọ́wọ́ wọn.