Mo Tún Wò Ó Lálẹ́ Àná

Ẹni tó bá fẹ́ ra irin lọ́wọ́ Alàgbà Onísinimá ní Owódé Onírin, kó yáa jẹun kó tó kúrò nílé. Iye tó ń ta kílò irin kì í gbà ju gbólóhùn kan lọ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ṣèèṣì ní "ọjà yín ti wọ́n jù," ẹ ti fọwọ́ ara yín fa ọ̀rọ̀. "Ẹ ò wo Owó l'Àgbà ni? Ọlá Balógun ti sọ gbogbo èyí fún wa ní 1982." Bí òjò bá ṣú, á ní bí ojú ọjọ́ ṣe ń rí gan-an nìyẹn kí àwọn àjẹ́ tó jáde nínú fíìmù Ayé ti Ògúndé. Bí irin bá ya ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ìtàn fíìmù Àjàní Ògún ni Alàgbà á kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá aṣọ tí wọ́n á fi dì í. Oníbàárà á wà lórí ìdúró, bọ́ọ̀sì BRT á máa kọjá lọ sí Ìkòròdú ní tirẹ̀, ìyàwó Alàgbà tó jókòó ti ìwọ̀n ni yóò sì gba owó. Obìnrin yẹn kò mọ orúkọ olùdarí fíìmù kankan. Òun ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Irú Alàgbà pọ̀ ní Èkó. Ẹ ó bá wọn ní Mushin, ẹ ó bá wọn ní Agége, lágbègbè Pen Cinema tí sinimá ti kúrò níbẹ̀ tó ku orúkọ lásán fún àwọn onídáńfó láti máa pè. Ṣùgbọ́n ti Owódé yìí, àárín irin àlòkù ló dàgbà sí, ó sì ti gbà pé ohun tí kò bá tíì dípẹtà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó ohun tí à ń bọ̀wọ̀ fún.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: fíìmù tí gbogbo ayé lè rí, kò lè dára. Ṣaworoidẹ, 1999? "Fíìmù ọmọdé." Ti Olúwa Nilẹ̀, 1993? Níbẹ̀ ó máa ń ṣàánú díẹ̀: "Túndé Kèlání ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn." Ẹni tó ti ń gbé kámẹ́rà fún àwọn àgbà òṣèré kí ó tó ṣe tirẹ̀ ni Alàgbà sọ di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn o. Fíìmù tó bá jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù sí, ohùn rẹ̀ á rọ̀ bó bá dárúkọ rẹ̀. Èyí tí kò sí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, tó ṣẹ́ ku pósítà, á ṣí fìlà sí i. Èyí tí pósítà gan-an ti rá, tó jẹ́ pé ẹnu àwọn arúgbó nìkan ló kù sí, "Háà, àbúrò mi, wọn ò lè ṣe irú ẹ̀ mọ́." Musik Man tí Ọlá Balógun ṣe ní 1976 ni baba gbogbo wọn lójú rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn tó rí i rí. Ibi tí adùn rẹ̀ wà nìyẹn.

Ìṣirò ọjọ́ orí nìkan ni kì í bá a ṣe é. Ọdún tó kọjá ló pé ẹni ọdún 56. Gbogbo wa la jẹ ìrẹsì níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ní òun wo Kongi's Harvest nígbà tó jáde ní 1970, èyí tí Ossie Davis wá láti Amẹ́ríkà wá darí fún iléeṣẹ́ Francis Ọládélé, tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà yẹn."

"Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Àmọ́ mo ti rí i pé Ossie Davis kò lóye ìwé yẹn."

Ohun tó wá ń dunni níbẹ̀ ni pé inú Ṣóyínká náà kò dùn sí bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà. Ọmọ ẹ̀yìn jàre.

Ẹ wá gbọ́ ti Ayé. Ní 1979, Ògúndé fa Ọlá Balógun lọ́wọ́, wọ́n gbé eré orí ìtàgé wọ inú sinimá, Ògúndé ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà, èrò sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ Alàgbà, wọ́n dà á kọ láti ara èyí tí wọ́n ti dà kọ láti ara òmíràn. Ìdajì rẹ̀ ti ṣú pátápátá. Lórí òkùnkùn yìí ni Alàgbà kọ́ gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ lé. Ó ní ọgbọ́n Ògúndé ni: ó bò wá lójú kí etí wa lè rí àjẹ́. Ibì kan tún wà tí àwòrán ti fò, tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí a sì ṣàdéédé bá ara wa níbòmíràn. Ìyẹn, ó ní, Paris ni Balógun ti kọ́ ọ. Lóòótọ́, Paris ni Balógun ti kọ́ iṣẹ́ sinimá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́, àfìgbà tí ọmọ iṣẹ́ kan rí ẹ̀dà mìíràn lórí fóònù. Ọ̀sán gangan ni ibi òkùnkùn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Alàgbà gba fóònù, ó wò ó títí, ó dá a padà.

"Ta ló tan iná sí i?" ló bi í. "Ojúlówó kọ́ nìyí. Wọ́n ti bà á jẹ́."

Tó bá wá kan Ọ̀run Móoru, ẹ wá àga. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, kó owó lé fíìmù yẹn lórí ní 1982, gbèsè sì wà nínú owó náà. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Kó tó di pé wọ́n gbé e yí ìlú ká tán láti fi gba owó wọlé, àwọn olè ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, àwọn tó yẹ kó sanwó wọ sinimá ti jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbèsè nìkan ni kò rí ẹni jí i. Ọkùnrin náà ṣì ṣe Ààre Àgbáyé lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe Mosebọ́látán tí Adé Love bá a darí, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ Ọ̀run Móoru ni wọ́n ṣì ń sọ nígbà tó kú ní 2018. Omi máa ń lé ròrò lójú Alàgbà bó bá dé ibẹ̀, omijé gidi sì ni, n kò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Á ṣépè fún àwọn olè náà, àtàwọn, àti ọmọ wọn, àtẹni tó tà á, àtẹni tó rà á.

Lẹ́yìn náà, á fa ọ̀rá dúdú kan yọ lábẹ́ tábìlì. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Bírò ni wọ́n fi kọ Ọ̀run Móoru sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i rà?"

"Ìdúmọ̀tà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ ẹni tó mọyì fíìmù."

Fíìmù kan wà tó ti kúrò nínú àdúrà Alàgbà báyìí: Shehu Umar, tí Adamu Halilu ṣe lédè Haúsá ní 1976 láti inú ìwé Tafawa Balewa. Láyé ìgbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti sọnù, kò sí irú rẹ̀ lẹ́nu Alàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "sannu" àti "nawa ne" ni Haúsá tirẹ̀ mọ. Wọ́n wá rí i ní Jos, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Berlin, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018. Mo sáré lọ sọ fún un, mo rò pé màá rí ẹ̀rín. Ó kàn wò mí sókè-sódò. "Àwọn òyìnbó ti fọ̀ ọ́," ó ní. "Èyí tí wọ́n bá ti fọ̀, aṣọ ni." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kí fíìmù sọnù kò já a láyà rárá. Kí wọ́n wá a rí ni kò ní jẹ́ kó sùn.

Ohun kan náà ló ń bá Kúnlé Afọláyan jà lé lórí. "Ọmọ Adé Love ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Àmọ́ Aníkúlápó yẹn, kámẹ́rà ti mọ́ jù. Mo ń rí èékánná wọn."

Gbólóhùn tó fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ ni "mo tún wò ó lálẹ́ àná." Ìyàwó rẹ̀ kì í dá sí i, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bi í bóyá ariwo fíìmù kì í dí i lójú oorun. Ó ní fíìmù wo? Ẹ̀rọ fídíò ilé wọn ti kú tipẹ́tipẹ́, òun gbé sítóòfù lé e lórí. Alàgbà ní orí ẹ̀rọ náà ló jẹ, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Nínú ọjà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ ńlá palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò ó padà!

Bẹ́ẹ̀ ni bọ̀dá kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní òdìkejì títì ṣe rí ẹ̀rọ fídíò kan nínú kọ̀ǹténà rẹ̀. Ó dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Ó gbé e wá, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tì í, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àwọn alágbàárù sọ ẹrù kalẹ̀, ìyá alágbo gbé àga tirẹ̀ wá síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó yá o. Ẹ gbé Ọ̀run Móoru wá."

Alàgbà fi ẹsẹ̀ ti ọ̀rá dúdú wọ abẹ́ tábìlì sí i. Ó dìde, ó yọ wáyà ẹ̀rọ náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi sípánà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e lé orí ìwọ̀n.

"Kílò mẹ́rin ó dín díẹ̀," ó ní. "Páànù rẹ̀ ò tiẹ̀ nípọn. Èló lẹ fẹ́ gbà?"