Àǹtí Dá Sí I: Nígbà Tí Dookie Bá Da Ilé Rú

Àwo orin kan ṣoṣo ló da gbogbo àwọn tó kọ̀wé sí mi lóṣù yìí láàmú: Dookie, tí ẹgbẹ́ Green Day gbé jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọdún 1994. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lè pọn ọmọ tirẹ̀ báyìí, síbẹ̀ àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ wọn kò tíì rọlẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n, láti ìhà Berkeley ní California. Billie Joe Armstrong ń kọrin, ó sì ń ta gìtá. Mike Dirnt ń ta béèsì. Tré Cool ń lu ìlù láìwojú ẹnikẹ́ni. Ó yá, ẹjọ́ dà?

*Àǹtí mi, Berkeley ni mo ń gbé, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo wà nílé eré 924 Gilman Street nígbà tí Green Day ń ṣeré fún àwa péréte. Àwo Kerplunk tí iléeṣẹ́ kékeré Lookout! gbé jáde fún wọn ṣì wà nílé mi dòní. Nígbà tó yá ni wọ́n lọ fọwọ́ síwèé fún Reprise, iléeṣẹ́ ńlá. Mo búra pé n kò ní gbọ́ orin wọn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ ẹ̀wù Dookie wá sídìí oúnjẹ. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ gbọ́ nípa àwọn yìí rí?" Kí ni kí n sọ? — Mo Ti Mọ̀ Wọ́n Tipẹ́*

Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àánú yín ṣe mí.

Òótọ́ ni pé òfin Gilman kò gba ẹgbẹ́ olórin tó bá wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá láyè, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà sínú ilé náà. Tim Yohannan àti ìwé ìròyìn rẹ̀, Maximum Rocknroll, náà kọ ẹ̀yìn sí irú wọn. Mi ò bá wọn jà. Ilé tí àwọn ọ̀dọ́ fọwọ́ ara wọn gbé ró, tí wọn kì í ta ọtí níbẹ̀, tó ń sá fún àwọn oníṣòwò, ó yẹ kó lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́, sà, ta ló fi yín ṣe olùṣọ́nà? Sex Pistols fọwọ́ síwèé fún EMI ní 1976. The Clash fọwọ́ síwèé fún CBS ní 1977, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé àwòrán The Clash wà lára ògiri yín, bí mi ò tilẹ̀ dé ilé yín rí. Ti àwọn yẹn ò dùn yín, torí wọ́n ti lówó kí ẹ tó mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ tí ẹ mọ̀ nígbà tí wọn ò ní nǹkan kan ni wọn kò gbọdọ̀ ní.

Owó ọ̀hún gan-an, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní Woodstock, oṣù kẹjọ ọdún 1994, nígbà tí àwọn èrò àti Green Day ń ju ẹrẹ̀ lu ara wọn, ẹ̀ṣọ́ kan rò pé ọ̀kan nínú àwọn òǹwòran tó gun orí ìtàgé ni Mike Dirnt, ó gbé e ṣánlẹ̀, eyín rẹ̀ sì kán. Irú olówó wo ni wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀?

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ má sọ nǹkan kan fún ọmọ yín. Ẹ yọ Kerplunk, ẹ fi síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kọ ọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nílé. "Welcome to Paradise" wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún un kọ sínú Dookie, tó bá ti gbọ́ ìyẹn, ara rẹ̀ kò ní gbà á mọ́. Kí oṣù tó parí, á ti máa sọ fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ pé àwọn tó pẹ́ dé ló ń gbọ́ Dookie. Ìgbà yẹn ni ẹ máa mọ̀ pé ẹ bímọ, inú á sì bí yín díẹ̀.

Ní ti ìbúra yín, Gilman fúnra rẹ̀ gbà wọ́n padà fún eré ìkówójọ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Onílé ti ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú lójú títì. Mo sì mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ wọn nínú mọ́tò, nígbà tí ẹ bá ti yí gíláàsì sókè. Ẹ tún ohùn orin náà gbé sókè sí i.

*Àǹtí, ọmọ Manchester ni mí, ẹlẹ́mìí punk pọ́ńbélé. Ọ̀rẹ́ mi ní punk ni Dookie. Mo ní orin tí ìyá mi lè bá olórin gbè nígbà tó ń fọ abọ́ kì í ṣe punk. Ẹ bá mi là á yé e. — Ojúlówó*

Ọmọ Manchester, ojú ò tì ọ́? Ìlú rẹ ni Buzzcocks ti jáde, àwọn tí orin ìfẹ́ wọn ti ń dùn mọ́ ìyá ẹni létí láti 1978. John Lydon ti Sex Pistols náà ti bẹnu àtẹ́ lu Green Day pé wọn kì í ṣe punk. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní 2008, òun kan náà ló ń polówó bọ́tà lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo máa ń ní kí búrẹ́dì wà nítòsí bí mo bá ń gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀.

Fi ìyá rẹ ṣe adájọ́. Dookie kò pé ogójì ìṣẹ́jú. Bí màmá bá fọ abọ́ tán kí àwo tó tán, punk ni. Bí àwo bá kọ́kọ́ tán, kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lọ fọ èyí tó kù.

*Ọkọ mi ń fi yangàn fún àlejò pé ọjọ́ tí Dookie jáde gan-an lòun rà á. Mo fura. — Ìyàwó Elétí Ọfẹ*

Iwájú àwo náà, tí Richie Bucher yà, tí bọ́ǹbù ń bú gbàù nígboro Berkeley, kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ni kó o wò. Àwòrán èrò ló wà níbẹ̀, nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, Ernie, ọmọláńgidi inú Sesame Street, wà láàárín èrò náà. Nígbà tó yá, wọ́n pa á rẹ́. Bí Ernie ò bá sí lẹ́yìn ti ọkọ rẹ, má pariwo. Dúró kí ilé kún, kí o gbé ohun mímu fún un, kí o fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Olówó orí mi, Ernie ńkọ́?" Bí Ernie bá wà níbẹ̀, gbé àwo padà síbi tó wà, kí o sì se oúnjẹ tó dáa lálẹ́ ọjọ́ náà láìsọ ìdí.

*Dookie tán, mo ti ń sùn lọ, ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin nínú pálọ̀ mi! Ṣé kí n pe ọlọ́pàá? — Àyà Mi Já*

Tré Cool ni. Òun ló kọ orin yẹn, wọ́n sì fi í pamọ́ sẹ́yìn orin tó kẹ́yìn. Ọlọ́pàá ò lè mú un. Ó yẹ kí wọ́n mú un.

*A fẹ́ ṣègbéyàwó ní Chicago. Dookie ni mo fẹ́ kí DJ fi bẹ̀rẹ̀, àfẹ́sọ́nà mi ní àfi American Idiot ti 2004, torí ìyẹn ní ìtàn nínú, ó tiẹ̀ di eré orí ìtàgé ní Broadway. Àna mi ti ń dá sí i. — Ọkọ Ìyàwó Tó Ń Gbọ̀n*

Má rò pé ẹ máa gbọ́ méjèèjì kí ìjà tán. Ní 2024, Green Day fúnra wọn lọ káàkiri pápá ìṣeré, wọ́n ń kọ Dookie láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ń kọ American Idiot láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nínú eré kan náà. Tọkọtaya ṣì ń jà bọ̀ nínú mọ́tò.

Ẹnì kẹta lẹ nílò. Ẹ gbé Insomniac jáde, àwo tó tẹ̀ lé Dookie ní 1995, tó le, tó ṣókùnkùn, tí kò tà tó o. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ sọ pé òun ló dára jù, àti pé àwọn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ò mọ orin. Àna yín ò ní rí nǹkan kan sọ, torí kò gbọ́ ọ rí. Bí DJ bá ní òun ò ní in, ẹ wo ara yín lójú, kí ẹ mí kanlẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì jọ ṣàánú rẹ̀.