Ọjọ́ Ló Wò Ó, Téèpù Ló Gbọpẹ́

Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, mi ò sì ní í sẹ́: ẹgbẹ́ àwa tó gbà pé ohunkóhun tó bá láwọ̀ búlúù, tó sì lẹ̀ mọ́ra, oògùn ni. A pọ̀ ní Kòsọ́fẹ́, láti Kétu dé Ìkòsí. Àwa la máa ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì fún oṣù kan gbáko, ká tó wá fi òwúrọ̀ Sátidé kan ṣoṣo san gbogbo gbèsè eré ìdárayá. Bó bá di ọjọ́ kejì, àtisọ̀kalẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Kétu á di iṣẹ́: a ó di irin mú, a ó máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, àwọn tó ru ẹrù á sì máa kọjá lára wa. Ìgbà náà là ń wá téèpù àwọn eléré ìdárayá kiri. Ọgbọ́n tí a sì ń fi lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe kékeré. A ó kọ́kọ́ fi ìpara Àbòníkì para dáadáa, a ó wá máa bínú pé téèpù ò lẹ̀. A kì í fá irun ibẹ̀, àfi ọjọ́ tí a bá ń ṣí i, tí irun á bá a lọ. A ó fà á dópin agbára rẹ̀, torí a gbà pé bó bá ṣe le tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, awọ ibẹ̀ á sì bó.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan téèpù yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọpẹ́ tí kò tọ́ sí i ló ń gbà. Nígbà tí iṣan bá ń nà lábẹ́ ẹrù, fọ́nrán tín-tìn-tín inú rẹ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀. Bí itan ṣe ń ṣe nìyẹn tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni ìrora ọjọ́ kejì ti ń wá; ásíìdì láktíìkì tí wọ́n ń dá lẹ́bi ní jíìmù ti kúrò nínú iṣan kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìrora yìí ní tirẹ̀ máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, ó sì sábà máa ń lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, yálà a tọ́jú rẹ̀ tàbí a ò tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n wá ní kí téèpù wà lára? Mẹ́ta sí márùn-ún. Ìgbà tí ìrora ń palẹ̀ mọ́ là ń ṣí i. Bí a bá fi ewé eéran wé itan fún iye ọjọ́ kan náà, ewé eéran ì bá ti di oògùn àgbáyé.

Ẹnì kan á ní ṣé àwọn eléré àgbáyé ò gbọ́n ni. Wọ́n gbọ́n. Kenzo Kase, ọmọ Jàpáánì, ló gbé e jáde láwọn ọdún 1970, ìdíje Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2008 ló sì gbé e dójú tẹlifíṣọ̀n. Ní 2012, Mario Balotelli, agbábọ́ọ̀lù Ítálì, gbá góòlù méjì wọlé Jámánì ní Warsaw, ó bọ́ ẹ̀wù, gbogbo ayé sì rí ìlà búlúù lẹ́yìn rẹ̀. Téèpù kọ́ ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Lọ́dún yẹn kan náà, àkójọ ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn Sports Medicine rí i pé ẹ̀rí tó dúró ti téèpù yìí kò tó nǹkan. Ẹlòmíì á tún ní, “Ó ṣáà ń tù mí lára.” Mo gbà, ohun tó bá ń kan awọ ara lè fa ọkàn kúrò lára ìrora fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtura ò tíì di ìwòsàn.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù wà lọ́jà Máìlì 12. Ta ló rí alábàárù tó lẹ téèpù mọ́ itan kó tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì? Iṣẹ́ ọ̀hún ti mọ́ iṣan rẹ̀ lára. Bí iṣan bá ti ṣe iṣẹ́ líle kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì kì í dùn ún tó bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. (Ẹ̀yìn àti orúnkún alábàárù ní ẹjọ́ tiwọn, tí téèpù ò lè dá.) Ẹ bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba, kẹ́ ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tàbí tí ìtọ̀ bá ń jáde ní dúdú lẹ́yìn eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi téèpù sílẹ̀, ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà.