Fàájì Abẹ́ Òjò

Òkun Kútọnu kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣeré. Ìgbì rẹ̀ le débi pé, kí wọ́n tó ṣí èbúté ńlá ìlú náà lọ́dún 1965, ọ̀ọ́kán ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, tí ọkọ̀ kékeré ń lọ kó ẹrù wá. Ẹni tó bá fẹ́ wa kayak, tó sì tún fẹ́ jẹun alẹ́ nílé, ọ̀sà Nokoué ni kó gbà.

Níbẹ̀, ojú ọjọ́ ni ìran àpéwò. Lóṣù kẹfà, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ jẹ́jẹ́, á sì dákẹ́ lójijì. Ìhà ìlà-oòrùn á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì á ṣáájú, òjò á tẹ̀ lé e. Oníkayak á gbé àjẹ̀ lé itan, á ní, “Ó mà dára o!”

Ìyá tó ń tajà nínú ọkọ̀ ní Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú ọ̀sà náà, kò ní wòkè rárá. Ó ti fi ọ̀rá bo búrẹ́dì, ó ti fa akẹtẹ̀ gbàràgàdà rẹ̀ wálẹ̀, ó ń wakọ̀ lọ sábẹ́ ilé tó sún mọ́ ọn. Bí àrá bá sán, ẹ tètè tẹ̀ lé e.

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbádùn ún dandan: kò sẹ́ni tó máa dá owó rẹ̀ padà.