Oríkì Arúgbó Láàpútọ́ọ̀pù Tí Wọ́n Fẹ́ Tà ní Igbótako

Ẹ yà fún mi díẹ̀, ẹ̀yin ará Igbótako, kí n kí ẹni tó yẹ ní kíkí. Màmá elépupuru, ẹ sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo kọjá, ẹ má tíì lọ. Ọlọ́kadà, jọ̀wọ́ pa ẹ̀rọ rẹ, torí ẹni tí mo fẹ́ kí yìí náà ní ẹ̀rọ tó ń pariwo, mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì máa figagbága.

Latitude D630, ọmọ Dell!
Àjí-má-jí-tán.
Agbóná-láìdé-ààrò.
A-tanná-kó-tó-ronú,
A-ronú-títí-bátìrì-fi-kú,
A-kú-láì-sọ-ohun-tó-rò.
Ọba tó ń jókòó lórí tábìlì, tí tábìlì ń gbọ̀n.

Ọdún 2007 ni wọ́n bí ọ, ọdún tí Windows Vista dé ìgboro tí àwọn ọ́fíìsì ńlá ńlá sì ń sá fún un, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé XP àtijọ́ làwọn fẹ́. Core 2 Duo ń bẹ ní agbárí rẹ, ọpọlọ méjì nínú orí kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń fi ẹyọ kan ṣoṣo jẹun. Ojú rẹ fẹ̀ tó ínǹṣì 14.1. Ojú VGA ń bẹ lára rẹ, ojú serial onípíìnì mẹ́sàn-án ń bẹ, èyí tí ẹnikẹ́ni ní Igbótako kò rí ohun tí yóò kì bọ̀ ọ́. Ihò wáyà tẹlifóònù inú ilé ń bẹ pẹ̀lú. Títí di òní lo ṣì ń dúró de wáyà tẹlifóònù, ní ìlú tí ìyá àgbà tó ń ṣa ẹyìn ní abẹ́ ọ̀pẹ ti ń fi GSM pe ọmọ rẹ̀ ní Ìtálì. Sùúrù rẹ ò kéré.

Ìkọ́ ń bẹ níwájú ìdérí rẹ, bí a bá pa ọ́ dé, o ń dún "pá!", gbogbo ṣọ́ọ̀bù á mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn láàpútọ́ọ̀pù ayé ìsinsìnyí, bí wọ́n bá padé, ta ló gbọ́?

Ẹni tí kò mọ ìtàn ló ń sọ pé ariwo fáánù rẹ pọ̀ jù. Ogun kan jà ní ìgbà èwe rẹ. Oṣù keje ọdún 2008 ni NVIDIA jáde sí gbangba, wọ́n ní àwọn chip kan tí àwọn ṣe fún láàpútọ́ọ̀pù ń kú láìtọ́jọ́ nínú ooru, wọ́n sì ya owó tó wà láàárín mílíọ̀nù 150 sí mílíọ̀nù 200 dọ́là sọ́tọ̀ fún ìbàjẹ́ náà. Nígbà tí Dell ka orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n dárúkọ ìdílé D630. Oògùn wo ni Dell sè? Wọ́n kọ BIOS tuntun tó ń pàṣẹ fún fáánù pé kó tètè máa fẹ́, kó sì máa fẹ́ lemọ́lemọ́. Ariwo ni oògùn náà. Ìwọ tí mò ń kì yìí, chip àwòrán Intel ni wọ́n fi sí ọ lára, àrùn yẹn ò kàn ọ́ rárá. Síbẹ̀ fáánù rẹ ń pariwo bákan náà. Aláàánú! Ò ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó ti lọ ṣọ̀fọ̀.

Tòkunbọ̀, ọmọ a-lo-agbára-tán-ká-tó-wálé! Òkè òkun lo ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ jẹ, nígbà tí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́ lo rántí pé o ní ilé ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ Basel Action Network ti ṣe ìwádìí kan ní Èkó ní ọdún 2005, wọ́n ní nǹkan bí kọ̀nténà 500 ẹrù ẹ̀lẹ́kítíróníìkì àlòkù ló ń wọlé níbẹ̀ lóṣooṣù, àti pé nínú ẹrù kan, ó lè tó ìdá 75 nínú 100 tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Ààtàn ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ tààrà, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun wọ́n. Ìwọ ò lọ ààtàn. O yà sí Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n fi bùrọ́ọ̀ṣì gbo ọ́, wọ́n fi oògùn nu ojú rẹ, wọ́n tà ọ́ ní "UK used" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìwé ìrìnnà rẹ. O wọ mọ́tò, o gba Ọ̀rẹ̀, o gba Òkìtìpupa, o bá wa délé.

Ilé tí o dé ọ̀hún, iná ò sí níbẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọ̀pọ̀ ọdún gbáko ni gúúsù Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, dé Ìlàjẹ. Bátìrì tìrẹ náà sì ti fi ayé sílẹ̀, ó kàn ń bá ọ jókòó ni. Bí ẹsẹ̀ ọmọdé bá kọ wáyà, o dákú. Bí epo bá tán nínú jẹ́nẹ́rétọ̀, o dákú. Alágbèéká tí kò ṣeé gbé! Ẹgbẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀fúùfù bẹntiróòlù!

Wàyí o, wọ́n fẹ́ tà ọ́. Olówó rẹ gbé ọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n fọ́máàtì ọ, kí wọ́n dá ọ padà sí bí o ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní fláàṣì méjì àti CD kan!

Ó dojú rẹ bolẹ̀, ó wo ikùn rẹ. Sítíkà Microsoft ń bẹ níbẹ̀, kọ́ọ̀dù onílẹ́tà àti nọ́ńbà 25. Itan tí ń làágùn ti nù ún, tábìlì ti ha á. Ṣé B nìyẹn tàbí 8? Ọmọkùnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá bá òun wò ó. Ọ̀rẹ́ ní B ni. Aláṣọ tó kàn ń kọjá lọ ní 8 ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ a-bí-ire, ìwọ kì í ṣe ẹni tí ń fi kọ́ọ̀dù bẹ̀bẹ̀. Ọmọ náà rí ojúlówó CD Windows XP tí Dell fúnra rẹ̀ tẹ̀. Dell ti kọ àmì kan sínú BIOS rẹ láti ilé iṣẹ́, bí ìgbà tí wọ́n kọ ilà fún ọmọ. Bí CD Dell bá wọlé, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ó rí ilà, ó ní "ọmọ wa ni", kò sì béèrè kọ́ọ̀dù mọ́. Aláṣọ ti bínú lọ nígbà náà.

Ṣé ìyẹn wá tán? Kò tán. CD ń yí, ó dé ibì kan, ó sọ pé òun ò rí háàdì dísíìkì kankan. Háàdì dísíìkì tí gbogbo wa ń gbọ́ tó ń kùn! Ohun tó fà á ni pé ọdún 2001 ni XP jáde, kò sì kọ́ èdè AHCI tí dísíìkì SATA ń sọ nínú rẹ. Ó ní bí a bá fẹ́ kọ́ òun, kí a tẹ F6, kí a sì fi dísíìkì pẹlẹbẹ onífílọ́pì sínú "drive A". Fílọ́pì! Ní Igbótako! Ibo ni wọ́n ti ń tà á, ẹ̀gbẹ́ ẹja ni àbí ẹ̀gbẹ́ pupuru? Ìwọ fúnra rẹ ò ní ojú tí fílọ́pì lè gbà wọlé. Arúgbó tó ń béèrè orí-ọká kí ó tó mu ẹ̀kọ!

Ọmọkùnrin náà ò janpata. Ó wọ inú BIOS, ó yí SATA kúrò ní AHCI sí ATA, ó tún un bẹ̀rẹ̀, CD rí dísíìkì. Mo mọ àwọn ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà ńlá tí wọn ì bá ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n sì sọ pé háàdì dísíìkì ti kú.

XP wọlé tán, òkè tútù yọ lójú rẹ! Òkè ewéko yẹn pẹ̀lú ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù, èyí tí ayàwòrán Charles O'Rear ya fọ́tò rẹ̀ ní Kalifóníà ní ọdún 1996. Àwọn àgbẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wò ó. Ọ̀kan ní ilẹ̀ dáadáa ni, kí ló dé tí wọn ò gbin ọ̀pẹ kankan sí i?

O wá lẹ́wà, ṣùgbọ́n o ò gbọ́ràn, o ò sì lè fọhùn. Sáúńdì ò sí. Wi-Fi ò sí. Kí o tó lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, o nílò dráífà. Kí o tó lè rí dráífà, o nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kan, ọmọ kékeré tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta, ló lọ bá ọ wá gbogbo rẹ̀, ó kó o wá sínú fláàṣì. Wúrùwúrù o gbọ́rọ̀, o kọrin ìwọlé Windows. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́.

Aago rẹ ní ọdún 2007 ni a wà. Bátìrì kékeré roboto tó ń ṣọ́ àkókò nínú rẹ ti kú, nítorí náà bí wọ́n bá yọ iná lára rẹ, o padà sí ọdún ìbí. Ṣé mo lè bá ọ wí? Nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan ni owó epo ò tíì wọ́n lójú rẹ. Àwọn wẹ́ẹ̀bù ni kò gbà. Wọ́n wo déètì rẹ, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí àwọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tí o wà, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin náà tún aago ṣe, ilẹ̀kùn ò ṣí náà. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti kúrò lẹ́yìn XP. Chrome kúrò ní 2016. Firefox gbìyànjú, ó dúró tì ọ́ dé 2018, òun náà sì lọ. Kábíyèsí tí gbogbo ẹnubodè ti tì mọ́!

Níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu oríkì sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi XP sínú ẹ̀rọ, tó sì tà á fún ẹni tí yóò gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣe dáadáa. Oṣù karùn-ún ọdún 2017 tí kòkòrò WannaCry ń gba kọ̀ǹpútà kiri ayé, ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft tún padà wá fún XP ní oògùn, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn ò ṣe mọ́. Linux Mint, èyí tó lè rọ́pò XP, ọ̀fẹ́ ni, mẹ́mọ́rì gìgábáìtì méjì tó wà nínú D630 yìí lè gbé e, wọ́n sì ń tún un ṣe títí dòní. Mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni oníbàárà ń wò. Bí kò bá rí Start níbẹ̀, á ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́."

Mo padà sí oríkì.

Apàṣírímọ́! Ìwọ tó mọ gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìwọ tí wọ́n fi kọ lẹ́tà ìfẹ́ àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ owó ilé ní ọjọ́ kan náà. Olówó rẹ ti da gbogbo rẹ̀ sínú Recycle Bin, ó ti tú u dànù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò mọ̀ pé orúkọ nìkan ni wọ́n pa rẹ́ nínú ìwé, ẹrù wà níbi tó wà. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Kánádà ra háàdì dísíìkì àlòkù ní Gánà, ìwé àdéhùn Northrop Grumman, ilé iṣẹ́ ohun ìjà Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá nínú ọ̀kan. Bí ti àwọn tó ń ṣe ohun ìjà bá lè dé ọjà bẹ́ẹ̀, kí ni ti ìwé gbèsè Igbótako?

Fọ́máàtì XP kò pa á rẹ́ o, àní èyí tó pẹ́ jù. Ó kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ti bàjẹ́ lórí dísíìkì ni. Láti ìgbà Vista ni fọ́máàtì kíkún ti ń fi òdo bo gbogbo ilẹ̀ náà. Nítorí náà ọmọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ fi DBAN, ètò tí ń pa gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì rẹ́, wẹ̀ ọ́ kí CD Dell tó wọlé, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí, epo jẹ́nẹ́rétọ̀ ń lọ, olówó rẹ ń kùn pé owó epo ti fẹ́ tó owó ẹ̀rọ. O gbàgbé gbogbo wa. Ẹni tó jẹ gbèsè ló dunnú jù.

Ìyá ẹlẹ́ja kan ló wá rà ọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wọ yunifásítì OAUSTECH ní Òkìtìpupa, wọ́n ní kó mú láàpútọ́ọ̀pù dání. Ó gbé ọ sókè, ó tún gbé ọ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ó wúwo."

"Màmá, irin gidi ni wọ́n fi ṣe é."

"Kí ló ń pariwo nínú rẹ̀?"

"Fáánù ni, Màmá. Kò lè dákẹ́."

"Ṣé á gbé e dé ìparí ọdún mẹ́rin?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Gbogbo oríkì tí mo ti ń kì láti àárọ̀, ó lè mú ọ̀kan níbẹ̀ kó fi dáhùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, kò lè gbé e. Bátìrì ò sí. Tí ó bá jẹ́ ìwé ló fẹ́ máa tẹ̀, ó dáa. Tí ó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n yọ Windows yìí kúrò, kí n fi òmíràn sí i tí kò ní Start níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Tàbí kí ẹ ní sùúrù: láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti fi Windows 10 náà sílẹ̀, àwọn òyìnbó ń kó èyí tó dáa ju èyí lọ dànù. Á dé ọjà wa."

Olówó rẹ sọ ojú sí i bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Ìyá ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín. Ó ní nítorí òótọ́ ẹnu rẹ̀ òun á rà á, kó fi òmíràn ọ̀hún sí i, ṣùgbọ́n ìdajì owó tí wọ́n pè lòun máa san. Wọ́n ná an, wọ́n ná an, wọ́n pàdé ní àárín.

D630, Dìde-ká-relé-ọkọ! Ó tún di Òkìtìpupa. Bá wọn kọ àsáìmẹ́ǹtì, má ṣe dákú ní alẹ́ ìdánwò. Ìyá ẹlẹ́ja ti ń kó owó sílẹ̀, ó ti ń ká ọ mọ́ inú ìró, ìgbà yẹn ni olówó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu: ṣájà ò sí nínú owó yẹn o.